Mo Ń Wọṣọ fún Páìpù ní Sàríà

Ẹ̀jẹ̀ imú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí ní Sàríà. Ọyẹ́ ti dé ìlú náà kí èmi tó dé. Ó gbẹ débi pé ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, nígbà tó sì di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ láti bọ́jú, omi inú ike pọ́n lójú mi. Mo figbe ta. Ìyá Sàlámọ̀ tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn sáré jáde láti ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Haba! Kí lò ń pariwo sí? Ọyẹ́ ni, kò lè pa ọ́. Fi òróró pa ihò imú ẹ, kin ji? Ṣé o gbọ́?”

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá tó bí Ìyá Sàlámọ̀, ṣùgbọ́n Tudun Wada níbí ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sin ọkọ. Hausa ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á gba inú Yorùbá kọjá, wọ́n á tún bọ́ sínú Hausa. Mo ti rò pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá bíi tèmi, ara á tù mí. Àmọ́ ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, àfi kí n máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, Hausa ni wọ́n á fi dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ni wíwọ aṣọ fún páìpù. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń rò pé mò ń ṣeré. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe wàrà, tí wọ́n sì ń tọ́jú ẹran sínú àwọn yàrá òtútù ńláńlá. Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní àmóníà ló ń gbé òtútù náà kiri nínú páìpù. Páìpù yìí tutù débi pé bí atẹ́gùn lásán bá kàn án, omi inú atẹ́gùn á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á di yìnyín, á máa ki sí i, abẹ́ yìnyín yẹn ni irin á ti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wé fóòmù mọ́ ọn, tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tí fóòmù ti pàdé fóòmù, tí a tún ń fi ọ̀rá dúdú tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá dì í, ká tó wá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lókè. Bí o bá fi ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀, atẹ́gùn á rí i.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Ilé òtútù àwọn ẹlẹ́ja kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà, láti kékeré ni mo sì ti ń bá wọn di orí tépù mú. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, kọngilá tó máa ń gbéṣẹ́ fún wọn ló kó àwa mélòó kan wá sí Sàríà. Iṣẹ́ parí, àwọn yòókù padà sílé. Ilé iṣẹ́ wàrà ní kí èmi dúró kí n máa tọ́jú ohun tí a ṣe.

Mo dúró. Bàbá ọmọ mi ti lọ sí Kútọnú, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà, Tọ́pẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú dìde nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màámi ní Ìgbòho. Mo ní mò ń padà bọ̀ wá mú un láìpẹ́. Láìpẹ́ yẹn di ọdún, ọdún yẹn sì tún bí òmíràn.

*

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n nílé. Màámi á kí mi tán, wọ́n á gbé fóònù sí ọmọ létí.

“Tọ́pẹ́, kí màmá rẹ.”

Mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo lè gbọ́ adìyẹ nínú àgbàlá, mo lè gbọ́ ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì. Màá béèrè ohun tó jẹ, màá béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lọ.

“Ojú ló ń tì í,” Màámi á wí.

“Mo mọ̀, Màámi.”

“Kò mọ̀ ọ́ ni. Ọmọdé kì í mọ ẹni tí kò rí.”

Wọn kò sọ ọ́ láti dùn mí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ òótọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, mo máa ń lọ fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mi ò ní parọ́, àwọn ohun dídùn náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ná àlùbọ́sà ní ọjà Sabon Gari láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Hausa, ọkùnrin tó ń tà á sì béèrè bóyá ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ títí mo fi délé. Àmọ́ Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Tudun Wada, a kọ orin bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Ìgbòho gẹ́lẹ́, omi bọ́ lójú mi. A ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, a jáde sí àgbàlá, gbogbo àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Hausa pe ara wọn, àwọn ìyá wọn ń fi Hausa dá wọn lóhùn. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Lójú ará ọjà, mo ti di ọmọ Sàríà. Lójú ara mi níbẹ̀ yẹn, àlejò tó ṣì ń wá ibi tó máa jókòó sí ni mí.

Ní ibi iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń fún òtútù ni Málàm Ìdí. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Bayarabiya” ló ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá, bí ẹni pé n kò lórúkọ. Bí mo bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló máa kọjú sí. “Bayarabiya, matsa,” á wí, màá sì sún kúrò lọ́nà fún un. Mo gbà pé kò fẹ́ obìnrin nínú yàrá ẹ̀rọ rẹ̀. Mo tún gbà pé bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ obìnrin, kò fẹ́ Yorùbá.

*

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Omi ti wọ abẹ́ aṣọ páìpù ńlá tó gba òkè yàrá ẹ̀rọ kọjá, ẹni tó wọ̀ ọ́ fún un kí a tó dé kò dí ojú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá wa, injiníà kan tó jẹ́ ọmọ Kánò, ní a máa pa ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Láàárín àkókò yẹn ni a máa bọ́ aṣọ àtijọ́, tí a máa nu irin, tí a máa kùn ún, tí a máa wọ tuntun fún un. Bí ìrọ̀lẹ́ bá kọjá tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ẹran inú yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí a bá sì tan ẹ̀rọ nígbà tí ojú kan ṣì ṣí lára páìpù, gbogbo ohun tí a ṣe á kún fún yìnyín kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọjọ́ yẹn náà ni Màámi àti Tọ́pẹ́ ń bọ̀. Mo ti gba yàrá kejì lọ́wọ́ Ìyá Sàlámọ̀, mo ti bá ọmọ wá ilé ìwé. Ó pẹ́ kí Màámi tó gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà tí wọ́n sì ti dé Ìlọrin níbi tí wọ́n ti máa wọkọ̀ òru, ẹ̀rù bà mí láti sọ pé kí wọ́n sún un síwájú. Bí wọ́n bá padà sí Ìgbòho, wọn kò ní jáde mọ́.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn agbébọn dá ọkọ̀ dúró ní ìdájí. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà na ọwọ́, ó dín ohùn rédíò kù.

“Ojú ọ̀nà wo?” ni mo béèrè.

“Allah ya kiyaye,” ló wí, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Màámi. Ó dún títí, wọn kò gbé e. Mo tún pè, wọ́n ní fóònù náà ti kú. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú fóònù wọ yàrá ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí páìpù, nítorí iná. Máígáàdì na ọwọ́. Mo gbé fóònù fún un, mo sì wọlé.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi àti ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́. Mo gun àkàsọ̀, mo fi ọ̀bẹ la aṣọ àtijọ́ náà, omi dúdú tú lé mi lọ́wọ́. Fóòmù ti rà, ó wúwo bí ẹrẹ̀. Mo nu irin náà, ó ti pọ́n fún ìpáta, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Injiníà fi òòlù kékeré gbá a, ó tẹ́tí sí i, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

A ò tíì dé ìdajì nígbà tí òórùn náà dé. Ó rí bí ìtọ̀ tó ti kan, ṣùgbọ́n ó le ju ìyẹn lọ. Bí ẹni fi ọwọ́ gbá ojú àti imú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmóníà díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn fáàfù kan tí wọ́n fi ń ti páìpù.

“Fita! Ku fita!” Málàm Ìdí kígbe. Ẹ jáde!

Àwọn tó wà nílẹ̀ sáré. Èmi wà lórí àkàsọ̀, ojú mi ti dí, omi ń ṣàn lójú mi, ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tó máa tẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹnì kan di àkàsọ̀ náà mú. “A hankali, Bayarabiya. A hankali.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ló ń wí. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, Málàm Ìdí tì mí sọ́nà ilẹ̀kùn níwájú rẹ̀, a jọ bọ́ sí ìta.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni a ti ń fọ ojú, tí a ń wúkọ́. Ó bu omi sára, ó gbé ohun ìbòmú ńlá náà wọ̀, ó padà wọlé lọ dí fáàfù náà. Nígbà tó jáde tó ní ó ti dí, oòrùn ti kúrò lókè orí.

Mo sáré lọ gba fóònù mi lọ́wọ́ máígáàdì. Fóònù Màámi ṣì kú. Mo pè é léraléra. Mo wá padà bá injiníà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń lọ sí gáréèjì. Màmá mi àti ọmọ mi wà lójú ọ̀nà, mi ò gbọ́ nǹkan kan látàárọ̀.”

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Kò bínú. “N kò lè dá ọ dúró,” ló wí. “Àmọ́ mi ò ní ẹlòmíì tó lè dí páìpù yẹn.”

Mo dúró síbẹ̀. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ tí mo fi ń gbọ́ bùkátà ọmọ náà lè lọ. Bí mo bá wọlé, ibi tí n kò ti ní gbọ́ ohunkóhun ni mò ń wọ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dé gáréèjì, ohun tí mo máa ṣe níbẹ̀ kò ju kí n dúró lọ.

“Ba ni wayar,” ẹnì kan wí lẹ́yìn mi. Málàm Ìdí ni. Ó na ọwọ́ sí fóònù mi.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Hausa ló fi bá mi sọ ọ́, ó rọra ń sọ ọ́ kí n lè gbọ́.

“Ọmọ mi ọkùnrin ń wa tírélà lójú ọ̀nà yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá wà lọ́nà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí ni mo máa ń wà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìdí tí mi ò fi lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nìyẹn.” Ó nu ojú. “Ẹ̀rọ ti kú lónìí, mi ò níṣẹ́ títí tìẹ fi máa parí. Màá jókòó síbí, màá máa pè é. Màá máa wá sọ fún ọ. Lọ parí iṣẹ́ rẹ.”

Mo gbé fóònù náà fún un.

*

Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ. Láti orí àkàsọ̀, mo lè rí i.

A kun irin náà, a fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. A gé fóòmù. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò, ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi sí, èèyàn á wá dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kó tó pa wọ́n pọ̀. Bí o bá yá jù, kò ní lẹ̀. Bí o bá pẹ́ jù, kò ní lẹ̀. Gọ́ọ̀mù kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn wà lójú ọ̀nà. Mo ń fi ọwọ́ kan fóòmù, mo ń fi ojú kan ilẹ̀kùn.

Málàm Ìdí yọ sí gíláàsì náà. Ó mi orí: rárá.

A wé apá kan. Ó tún yọ. Rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí n kò fẹ́ rí. Mo rí igbó, mo rí bàtà kékeré kan létí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, “Sannu, Mama Tọ́pẹ́.” Pẹ̀lẹ́, ló ń wí. N kò mọ ìgbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu mi.

Nígbà tó tún yọ, kò mi orí. Ó kàn dúró. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fóòmù mọ́ páìpù bí ẹni pé òun ló gbé mi dúró. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Suna Kwangila!” ló wí. Wọ́n ti dé Kwangila, oríta tí ọkọ̀ máa ń já èrò sí.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó sórí igi àkàsọ̀.

“Ìyá rẹ bú mi,” Málàm Ìdí wí. “N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èébú ni. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó ti onítíì, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Ojú kan péré ló kù tí a kò tíì dí. Gbogbo ara mi fẹ́ sáré. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo dúró dè é, mo pa á pọ̀, mo wé ọ̀rá dúdú mọ́ ọn, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Páànù lè dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè. Málàm Ìdí tan ẹ̀rọ. A dúró, gbogbo wa gbójú sókè, òtútù wọ inú páìpù náà. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ títí. Ó gbẹ.

*

Orí àpò ni Màámi jókòó sí ní Kwangila, wọ́n ti fi ìborùn wé orí nítorí eruku. Ọmọbìnrin kan tó ga ju bí mo ṣe rò lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di búrẹ́dì mú.

“Ta ni bàbá tó ń dá mi láàmú lórí fóònù ọmọ mi?” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí mọ́ra, wọn kò sì tètè fi mí sílẹ̀. “Ọkọ̀ bàjẹ́ níbì kan tí mi ò morúkọ ẹ̀. Fóònù kú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ lọ títí sọ́jà fi máa ṣíwájú wa. Ìsinsìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná fi sí i. Tọ́pẹ́, màmá rẹ rè é.”

Tọ́pẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ káalẹ́, mà.”

Mo na ọwọ́ sí i. Ó fi imú fà, òórùn àmóníà àti gọ́ọ̀mù ni ara mi ń gbé kiri, ó sì bọ́ sẹ́yìn Màámi.

Màámi dúró tì wá títí ọmọ fi wọlé ìwé. Wọ́n padà, mo tún fi odindi ọjọ́ kan wo fóònù títí wọ́n fi ní àwọn ti délé. Ó wá ku èmi àti Tọ́pẹ́. Ó gbọ́ràn, kì í sunkún, kò sì fi orúkọ kankan pè mí. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á dúró síwájú mi títí mo fi máa béèrè. Mo ń dáná ohun tí Màámi sọ pé ó fẹ́ràn, á jẹ ẹ́, á ní “Ẹ ṣé, mà,” bí ẹni wà nílé onílé. Mo máa ń bi ara mi bóyá ohun tí mo ṣe dára, pé mo já a gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ Ìyá Sàlámọ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti máa ń jáde. Láàárín ìgbà díẹ̀, ó ti ń fi Hausa bá wọn jà. Màámi gbọ́ ọ lórí fóònù.

“Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi sọ èdè wa nù o.”

“Mi ò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màámi.” N kò sì mọ bí n kò ṣe ní jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ̀rún fóòmù wà nínú irun mi, mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa. Ó dúró ti obìnrin kan tó ń ta kósáì, àkàrà tiwọn. Obìnrin náà kì í ṣe ará àdúgbò wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbada dé ibẹ̀ ni. Ó ń wo ọmọ náà, ó bi í ní Hausa pé, “Ke ’yar wa ce?” Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?

Tọ́pẹ́ yí ojú ká. Ó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Kò rẹ́rìn-ín, kò sáré. Ó kàn na ìka sí mi, bí èèyàn ṣe ń na ìka sí ilé tó ń gbé.

“Ga mamata can,” ló wí. Màmá mi nìyẹn lọ́hùn-ún.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè lẹ́yìn mi kí n tó rántí kúrò lójú ọ̀nà. Èdè tí kì í ṣe ti ìyá mi, tí kì í ṣe ti Ìgbòho, òun ni ọmọ mi fi pè mí ní tirẹ̀.

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kí ìyá alákàrà, ó ní ọmọ mi gbọ́n. Mo na ọwọ́ sí Tọ́pẹ́.

“Jẹ́ ká lọ sílé,” ni mo wí fún un ní Yorùbá.

“Ilé wo?”

“Tiwa. Ibí yìí.”

Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ rẹ̀ tí epo àkàrà ti kùn sínú tèmi, a sì lọ.